Ẹni Tí Kò Jẹ Gbèsè Lórí Ìlà Àwọn Onígbèsè

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, bàbá aláṣọ kan ni ó dì í lé mi lórí, tí n kò fi rí oorun sùn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá náà kí n tó kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́, bóyá yóò ṣe ẹlòmíràn láǹfààní, ṣùgbọ́n kí n má ṣe dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ọjà tí òun ti ń tajà. Mo ṣe ìlérí, n kò sì ní yẹ̀ ẹ́.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí bàbá yìí ti ń jókòó sórí àga kan náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣe ìtẹ̀bọmi. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ṣe é. Nígbà tí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò, òun ni ó ra páànù apá ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rí i lọ́jọ́ ìkórè, ẹ ó sọ pé olórí ìjọ ni. Ṣùgbọ́n bàbá fúnra rẹ̀ kò tíì ṣe ìtẹ̀bọmi. Bí àlùfáà bá ti ń kéde pé kí àwọn tí wọ́n fẹ́ wọ kíláàsì ìtẹ̀bọmi wá fi orúkọ sílẹ̀, bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí tún agbádá ṣe, á máa wo ojú fèrèsé bí ẹni tí ó ń retí àlejò.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ ra aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ mi ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó ní kí n jókòó. Nígbà tí èrò dín kù, ó ká aṣọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní:

"Tíṣà, ìwọ tí o mọ̀wé, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan."

"Ẹ máa wí, Bàbá."

"Ìtẹ̀bọmi tí ẹ ń wí yìí, ṣé kì í ṣe nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni, sà."

"Ó dára. Ṣé Jésù dẹ́ṣẹ̀?"

"Rárá o, Bàbá. Kò dẹ́ṣẹ̀."

"Kí ni ó wá lọ wẹ̀ nínú omi? Ẹni tí kò jẹ gbèsè, kí ni ó ń wá lórí ìlà àwọn onígbèsè? Bí ó bá jẹ́ àṣehàn lásán ni, èmi náà lè jókòó sílé mi kí n máa gbàdúrà mi jẹ́jẹ́. Bí kì í bá sì ṣe àṣehàn, là á yé mi."

Ẹ̀yin ará, mo la ẹnu, n kò rí nǹkan sọ. Èmi tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí ní àìmọye ìgbà! Mo ti ya àwòrán àdàbà sójú pátákó fún wọn rí, mo sì ti fi í ṣe ìdánwò fún wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan tí ó bi mí ní ohun tí bàbá bi mí yìí. Mo san owó aṣọ, mo ní kí bàbá fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí a bi léèrè ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra, kí ó má ṣi abéèrè lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rán ara wa létí bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Mátíù orí 3, Máàkù orí 1 àti Lúùkù orí 3 ni wọ́n ròyìn rẹ̀. Jòhánù orí 1 sì sọ ẹ̀rí tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi jẹ́ lẹ́yìn náà. Lúùkù tilẹ̀ fi ọdún sí i. Ó ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ìjọba Tìbéríù Késárì ni Jòhánù bẹ̀rẹ̀ sí wàásù. Nínú kàlẹ́ńdà tiwa, ìyẹn bọ́ sí nǹkan bí ọdún 28 tàbí 29.

Jòhánù yìí, ọmọ àlùfáà ni. Bí ó bá fẹ́, ó lè jókòó sí tẹ́ḿpìlì ní Jerúsálẹ́mù kí ó máa ṣe iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n aginjù ni ó lọ. Irun ràkúnmí ni ó fi ṣe aṣọ, ẹṣú àti oyin ìgàn ni oúnjẹ rẹ̀. Ó dúró létí odò Jọ́dánì, ó ń kígbe pé kí gbogbo ènìyàn ronú pìwà dà, nítorí ìjọba Ọlọ́run kù sí dẹ̀dẹ̀. Kì í sì í ṣe inú Bíbélì nìkan ni a ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Josephus, Júù kan tí ó jẹ́ òpìtàn, tí ó kọ ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 93 tàbí 94, sọ pé ènìyàn rere ni Jòhánù, ó ń kọ́ àwọn Júù kí wọ́n máa ṣe òdodo sí ara wọn, kí wọ́n sì bẹ̀rù Ọlọ́run, kí wọ́n tó wá wọ inú omi. Ó sì sọ pé Hẹ́rọ́dù ni ó pa á.

Àwọn wo ni wọ́n wà lórí ìlà náà létí odò? Lúùkù sọ fún wa. Àwọn agbowó òde wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń gba lé owó tí ìjọba ní kí wọ́n gbà. Àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń fi ipá gba nǹkan lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀wù méjì tí aládùúgbò wọn kò ní ẹyọ kan wà níbẹ̀. Jòhánù kò wulẹ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa sunkún. Ó ní kí ẹni tí ó ní ẹ̀wù méjì fi ọ̀kan tọrẹ. Ó ní kí agbowó òde má ṣe gbà ju iye tí a pa láṣẹ lọ. Ó ní kí ọmọ ogun jẹ́ kí owó iṣẹ́ rẹ̀ tó o. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ aṣọ àti ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni Jòhánù fi bẹ̀rẹ̀! Ẹni tí ó bá rò pé ìtẹ̀bọmi kò kan ọjà, kí ó tún orí yẹn kà.

Odò tí wọ́n tò sí létí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Odò Jọ́dánì ń ti ẹsẹ̀ Òkè Hámónì ṣàn wá, ó gba inú Òkun Gálílì kọjá, ó sì já sínú Òkun Iyọ̀. Etí Òkun Iyọ̀ yìí rẹlẹ̀ ju ojú òkun ńlá lọ ní ohun tí ó lé ní 400 mítà. Kò sí odò mìíràn láyé tí ó ṣàn ní ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń bọ̀wọ̀ fún láti ayé àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí ibi tí Jòhánù dúró sí ni wọ́n ń pè ní Al-Maghtas, ní orílẹ̀-èdè Jọ́dánì; ní ọdún 2015 ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Àwọn tí wọ́n ti dé ibẹ̀ rí i pé odò náà kò fẹ̀, omi rẹ̀ sì kún fún ẹrẹ̀. Ibi ìsàlẹ̀ jùlọ ni, inú omi tí ó ní ẹrẹ̀ sì ni.

Ibẹ̀ ni Jésù wá. Láti Násárẹ́tì ní Gálílì ni ó ti rìn wá, ìrìn ọjọ́ púpọ̀. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Kábẹ́ńtà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Kò sí ẹni tí ó ru àga tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tí ó la ọ̀nà fún un. Ó tò sórí ìlà pẹ̀lú agbowó òde níwájú àti ọmọ ogun lẹ́yìn.

Nígbà tí ó kàn án, Jòhánù kọ̀. Mátíù sọ pé Jòhánù ní òun gan-an ni ó yẹ kí Jésù tẹ̀ bọmi. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè bàbá aláṣọ kì í ṣe tuntun? Jòhánù fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bi í. Jésù sì dá a lóhùn pé kí ó jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ báyìí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àwọn mú gbogbo òdodo ṣẹ. Kíyè sí i: kò sọ pé òun dẹ́ṣẹ̀. Kò sì sọ pé kí Jòhánù kàn ṣe é kí àwọn èrò lè rí i. Ó ní òdodo ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí wọ́n ń yẹ ìtàn wò máa ń tọ́ka sí. Bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn bá fẹ́ hùmọ̀ ìtàn láti fi gbé Olúwa wọn ga, èyí kọ́ ni wọn ìbá hùmọ̀. Ta ni yóò sọ pé ọ̀gá òun lọ wẹ omi ìrònúpìwàdà lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Nítorí náà ni àwọn onímọ̀, títí kan àwọn tí wọn kì í ṣe onígbàgbọ́, fi gbà pé ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tí wọ́n kọ Ìhìnrere mọ̀ pé yóò kọ àwọn kan lóminú, síbẹ̀ wọn kò fi í pamọ́.

Kí wá ni ìtumọ̀ rẹ̀? Àwọn kan ní àpẹẹrẹ ni ó fi lélẹ̀ fún wa. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Bí olùkọ́ kan bá kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ń jìyà, tí ó sì jẹ́ pé kí wọ́n lè mọ bí a ti ń kúnlẹ̀ nìkan ni ó ṣe kúnlẹ̀, eré ni ó ń ṣe. Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, kọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ará Éfésù pé ìjìyà Olúwa ni ó fi sọ omi di mímọ́. Ìyẹn wọlé ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó so omi Jọ́dánì pọ̀ mọ́ ìjìyà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀nà gbà.

Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ onígbọ̀wọ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gba ọjà àwìn lọ́wọ́ olówó tí kò mọ̀ ọ́n rí, olówó á ní kí ó lọ mú ẹni tí yóò dúró fún un wá. Onígbọ̀wọ́ kò gbé ọjà. Kò jẹ nínú èrè. Gbèsè náà kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ó bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígbèsè, tí ó sì ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kàn án. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè kò rí owó san, ẹnu ọ̀nà onígbọ̀wọ́ ni olówó yóò wá. Bí ènìyàn bá rí onígbọ̀wọ́ níbi tí ó dúró sí lọ́jọ́ náà, tí kò sì mọ ọ̀rọ̀, yóò rò pé òun náà jẹ gbèsè.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní Jọ́dánì. Jésù kò bá ẹ̀ṣẹ̀ wá, àwa ni a bá ẹ̀ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ó wá dúró síbi tí a dúró sí, ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú tiwa. Wòlíì Aísáyà ti sọ tẹ́lẹ̀ ní orí 53 pé a ó ka ìránṣẹ́ Olúwa mọ́ àwọn arúfin. Ọjọ́ tí ó wọ odò yẹn ni ìkà náà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́ sáàárín olè méjì ni olówó wá sí ẹnu ọ̀nà onígbọ̀wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èmi ni mo so àwọn méjèèjì pọ̀. Jésù fúnra rẹ̀ ni. Nínú Máàkù orí 10, nígbà tí Jákọ́bù àti Jòhánù ọmọ Sébédè ń wá ipò ọlá, ó bi wọ́n bóyá wọ́n lè ṣe irú ìtẹ̀bọmi tí òun fẹ́ ṣe. Nínú Lúùkù orí 12, ó ní òun ní ìtẹ̀bọmi kan tí òun kò tíì ṣe, ara kò sì rọ òun títí yóò fi parí. Odò Jọ́dánì sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀! Ikú rẹ̀ ni ó ń pè ní ìtẹ̀bọmi. Ohun tí ó fi omi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni ó fi parí rẹ̀. Nítorí náà ni Jòhánù Onítẹ̀bọmi fi tọ́ka sí i lẹ́yìn náà pé Ọ̀dọ́-àgùntàn Ọlọ́run tí ń ru ẹ̀ṣẹ̀ ayé nìyí.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tí àwa olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi etí sí. Bí Jésù ti jáde nínú omi, ọ̀run ṣí, Ẹ̀mí Mímọ́ sọ̀ kalẹ̀ bí àdàbà, ohùn Bàbá sì jẹ́rìí pé àyànfẹ́ ọmọ òun ni, inú òun sì dùn sí i. Ìgbà wo ni Bàbá sọ bẹ́ẹ̀? Kò tíì wàásù kan. Kò tíì wo aláìsàn kan sàn. Iṣẹ́ àmì Kánà ti Gálílì, tí í ṣe àkọ́kọ́, kò tíì wáyé. Àwa olùkọ́, lẹ́yìn ìdánwò ni a máa ń yin ọmọ, bí ó bá yege. Ọlọ́run yin Ọmọ rẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò sì dé lóòótọ́: láti inú omi, ó di inú aginjù fún ogójì ọjọ́. Kí sì ni Èṣù fi bẹ̀rẹ̀? Ó ní bí ó bá jẹ́ pé Ọmọ Ọlọ́run ni í ṣe. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ gan-an ni ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe ìtẹ̀bọmi tí ó wá ń rò pé ìdààmú tí ó bá òun lẹ́yìn náà fi hàn pé Ọlọ́run kọ òun, kí ó rántí èyí.

Ní etí odò yẹn kan náà ni a ti rí Mẹ́talọ́kan pa pọ̀: Ọmọ nínú omi, Ẹ̀mí bí àdàbà, Bàbá tí ń sọ̀rọ̀ láti òkè. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni Jésù ní kí a máa fi ṣe ìtẹ̀bọmi, nínú Mátíù orí 28. Ìdí nìyí tí ìtẹ̀bọmi tiwa fi ju ti Jòhánù lọ. Pọ́ọ̀lù bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn bíi méjìlá pàdé ní Éfésù tí wọn kò mọ̀ ju ìtẹ̀bọmi Jòhánù lọ, ó sì tún ṣe é fún wọn ní orúkọ Jésù Olúwa. Nínú Róòmù orí 6, ó ní a sin wá pọ̀ mọ́ Kristi nínú ikú rẹ̀, kí a lè máa rìn nínú ayé ọ̀tun. Ní Jọ́dánì ó wọ inú omi tiwa. Nínú ìtẹ̀bọmi, a wọ inú ikú tirẹ̀.

Ní ti omi púpọ̀ tàbí omi díẹ̀, ọmọ ọwọ́ tàbí àgbà, ẹ jọ̀wọ́, n kò wá dá ẹjọ́ yẹn lónìí. Àwọn ìjọ kan ń ri ènìyàn bọ omi, àwọn mìíràn ń bu omi sí i lórí. Bí a bá ti rí Ẹni tí ó wọ inú omi náà kedere, a ó lè bá ara wa jiyàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Sátidé kejì, mo padà sí ìsọ̀ bàbá. Mo sọ gbogbo èyí fún un bí mo ti sọ ọ́ fún yín, tí mo fi dé orí onígbọ̀wọ́. Bàbá dákẹ́. Ó ń fi ọwọ́ pa etí aṣọ. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Ọ̀rọ̀ rẹ wọlé. Ṣùgbọ́n Tíṣà, wò mí. Ṣé èmi ni kí n lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ tí ó ń ru ẹrù fún mi lọ́jà?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ rántí Náámánì." Balógun ilẹ̀ Síríà ni Náámánì, ọlọ́lá ni, ṣùgbọ́n adẹ́tẹ̀ ni. Èlíṣà ní kí ó lọ wẹ̀ nígbà méje ní Jọ́dánì. Inú bí i. Ó ní àwọn odò Damásíkù dára ju gbogbo omi Ísírẹ́lì lọ. Bí kì í bá ṣe àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́, ìbá gbé ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ padà sílé pẹ̀lú ọlá rẹ̀. Ẹ wò ó: balógun kọ̀ kò fẹ́ wọ odò kan náà tí Ọmọ Ọlọ́run wá tò sí létí.

Mo tún rán bàbá létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa níbí. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, ọmọdékùnrin ni. Ní Freetown ni ó ti ṣe ìtẹ̀bọmi, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, tí ó fi di Samuel Crowther. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá ti dàgbà. Ó lè sọ pé ọmọ tí òun bí kò lè wá máa kọ́ òun. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848, ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìtẹ̀bọmi ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì.

Mo ní, "Bàbá, a máa ń sọ pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Àgbà tí kò wẹ ọwọ́ ńkọ́?"

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀. Ó rán ọmọ tí ó wà ní ìsọ̀ lọ ra omi, kí ó lè kúrò níbẹ̀. Ó wá sọ ohun tí ó wà nídìí gbogbo rẹ̀ fún mi. Òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ dá òwò náà sílẹ̀. Àbúrò kú lójijì ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ó fi opó àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Bàbá fún opó ní owó díẹ̀, ó sọ fún un pé gbogbo ìpín ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ ìpín sí ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Ó ní, "Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pe orúkọ ìtẹ̀bọmi, ìwé yẹn ni mo ń rí. Mo ń rò ó pé bí mo bá wọ omi yẹn pẹ̀lú owó opó lọ́wọ́ mi, mo lè má jáde. Ìbéèrè tí mo bi ọ́, mo kàn fi bo ojú ni."

N kò mọ ohun tí ẹ̀yin ìbá sọ. Ohun tí mo sọ ni pé, "Bàbá, ìtẹ̀bọmi kì í ṣe ti ẹni tí ó ti san gbèsè rẹ̀ tán, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣe é. Ẹnì kan ti dúró fún yín níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò dúró fún yín kí ẹ lè máa jẹ owó opó lọ. Ẹ rántí ohun tí Jòhánù sọ fún agbowó òde. Ẹ má sì dúró títí ẹ ó fi di ẹni pípé kí ẹ tó wá. Ẹ mú ìwé náà jáde, kí ẹ sì máa bọ̀."

Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo mọ̀ pé ìgbàgbọ́ wa kò papọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Jọ́dánì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó opó kò yọ ẹnikẹ́ni nínú wa sílẹ̀.

Bàbá lọ. Ó mú ìwé náà dání, ó sì mú apá kan lára owó náà, ó dá ọjọ́ tí yóò san ìyókù. Ó rò pé obìnrin náà yóò gbé òun ṣépè, tàbí kí ó bú sẹ́kún. Kò ṣe èyí, kò ṣe tọ̀hún. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Mo gbọ́." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí di bí mo ti ń kọ èyí. Bàbá ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà wúwo ju èpè lọ. Mo ní kí ó gbé e bẹ́ẹ̀; opó náà ni ó ni ìdáríjì, kò sí ẹni tí ó lè bá a yára.

Ní ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá, kíláàsì ìtẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan tẹrí wọlé. Bàbá aláṣọ ni. Kò wọ agbádá. Kò sí àyè mìíràn ju ẹ̀yìn lọ, lórí bẹ́ǹṣì kúkúrú tí àwọn ọmọ ń jókòó lé. Ọmọ tí ó ń ru ẹrù fún un lọ́jà ni ó wà níbẹ̀. Ọmọ náà fò dìde, ó fẹ́ fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀ fún bàbá. Bàbá fi ọwọ́ fà á padà. Ó ní, "Jókòó, jàre. Sún díẹ̀."

Ìwọ ńkọ́, olùkàwé mi? Bóyá àwọn ọmọ orí bẹ́ǹṣì ni ó ń dí ọ lọ́wọ́. Bóyá ìwé kan wà nísàlẹ̀ àpótí tìrẹ náà. Bóyá o ti ṣe ìtẹ̀bọmi láti ọmọ ọwọ́, tí ó sì jẹ́ pé orúkọ lásán ni o mú bọ̀ níbẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ojú tì ọ́ láti dúró lórí ìlà. Ẹni tí kò jẹ gbèsè kankan ti dúró níbẹ̀ rí, nítorí rẹ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run kí ó bá wa gbé e o.